Igun Tí Ìyá Mi Kì Í Wò

Ìyá mi ní ọ̀nà kan tó máa ń gbà nínú oko wa lẹ́bàá Omifunfun, ọ̀nà tí kò bá ojú mu rárá. Bí a bá ti kọjá odò kékeré tí a sì wọ abẹ́ kòkó, ibi tó yẹ kéèyàn gbà tààrà lọ sí ahéré, ibẹ̀ ni ìyá mi á ti yà sọ́wọ́ òsì. Á gba ìdí àwọn ọ̀pẹ, á gba etí àkùrọ̀, á wá yọ lẹ́yìn ahéré bí ẹni tó fẹ́ jalè nílé ara rẹ̀. Á tún fi ọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún bíi pé oòrùn ń pa á, bẹ́ẹ̀ kò sí oòrùn lábẹ́ kòkó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í pé kí ló dé tí a fi ń yí ká. Ó ní kí n gbé ẹrù mi, kí n yé tọ pinpin ọ̀rọ̀ àgbà. Mo gbé ẹrù mi, ṣùgbọ́n n ò yé béèrè. Ẹnu mi kì í sinmi, ẹnu náà ló sì sọ mí di aránṣọ tí àwọn oníbàárà ń bẹ̀rù ní gáréèjì Ore.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló sọ ọ́ fún mi nígbẹ̀yìn. Ó ní igun tí ìyá mi kì í wò yẹn ni ibi ìsìnkú ìdílé wa. Bàbá bàbá mi wà níbẹ̀, ìyá tó bí i náà wà níbẹ̀, wọ́n sì ti sùn síbẹ̀ kí ìyá mi tó wọlé ọkọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí ìyá mi bí ṣáájú mi. Èéyi ló pa wọ́n. Ọkùnrin kú láàárọ̀, obìnrin tẹ̀ lé e kí ilẹ̀ tó ṣú. A kì í jẹ́ kí òbí mọ ibojì ọmọ rẹ̀, nítorí náà wọ́n ti ìyá mi àti bàbá mi mọ́ yàrá, àwọn ará oko sì gbé àwọn ọmọ náà lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ fún ìyá mi ni pé kó má gba apá ọ̀hún mọ́. Kò sì gbà á mọ́. Àwọn tó ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà bó ṣe ń yà, títí ọ̀nà tààrà fi di igbó, tí ọ̀nà ẹ̀yìn ti ìyá mi wá di ọ̀nà gbogbo ayé.

Wọ́n ní pèrègún wà lórí àwọn ibojì àtijọ́ yẹn nígbà kan rí. Bàbá mi ló hú u. Lọ́dún tí ìjọ tuntun kan dé Odigbo, oníwàásù wọn sọ pé ẹni tó bá fi ewé sàmì sórí òkú, òrìṣà ló ń bọ. Bàbá mi kì í ṣe ohun kékeré bó bá ti gba nǹkan gbọ́. Ó gbé àdá, ó gé pèrègún, ó wú gbòǹgbò rẹ̀, ó gbin kòkó síbẹ̀. Ó ní òkú kò nílò àmì, pé Ọlọ́run mọ ibi tí kálukú wà. Lóòótọ́, Ọlọ́run mọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé a ò lè pe Ọlọ́run wá jẹ́rìí níwájú àwọn olóyè Odigbo.

Nínú gbogbo àwọn tó gbé àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ lọ́jọ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù láyé nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ará ilé wa. Ará òkè ni, láti apá Ọ̀ṣun, tó wá dá oko kòkó lórí ilẹ̀ wa nígbà tí bàbá mi ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Bàbá Òkè là ń pè é. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀ fún àwọn ọmọ náà. Lọ́dọọdún ló ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá fún bàbá mi, epo, iṣu, àti àkùkọ kan tó máa ń kọ́kọ́ na àkùkọ ilé wa kí wọ́n tó pa á. Nígbà tí ìyàwó Bàbá Òkè kú lóko, tí kò sí bí wọ́n ṣe máa gbé òkú rẹ̀ dé ìlú wọn, bàbá mi ní kí wọ́n sin ín sí igun wa. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Bàbá mi ní bí a ṣe jọ ń gbé lókè ilẹ̀ náà ni ká jọ gbé nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí aburú kankan nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, èmi àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, jókòó sídìí ààrò, a sì jọ jẹ ẹ̀wà nínú abọ́ kan náà.

Owó epo rọ̀bì wá dé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé Ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ́tọ̀, títì tuntun já láti apá Ìjẹ̀bú wá sí Ore, ó sì gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Bìní. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lánàá ti ń kọ́lé bíríkì lónìí. Agbégilódò ń gbé gẹ̀dú kọjá tí ilẹ̀ fi ń mì lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Àwa náà ti kó kúrò lóko wá sí Ore nígbà náà. Bàbá mi ti kú, wọ́n sin ín sí ìtẹ́ ìjọ rẹ̀ ní Odigbo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà sì ti tẹ̀ lé e. Ọmọ Bàbá Òkè di oníṣòwò gẹ̀dú. Ohun àkọ́kọ́ tó fi owó ṣe ni pé ó rẹ́ ibojì ìyá rẹ̀ ní sìmẹ́ńtì, ó lẹ táìsì funfun mọ́ ọn, ó sì fi fọ́tò obìnrin náà sábẹ́ gíláàsì. Mo yìn ín. Mo ní ọmọ gidi ni. N ò mọ̀ pé lọ́jọ́ tí táìsì yẹn gbẹ, ibojì kan ṣoṣo ló kù lójú gbogbo ayé nínú igun wa.

Lọ́dún yẹn, ẹsẹ̀ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ni kò lágbára mọ́. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n rò pé kò gbọ́. Nígbà tí a délé, ó pè mí jókòó.

"Bí mo bá kú," ó ní, "oko ni kí ẹ sin mí sí. Igun yẹn."

Mo ní, "Ṣé ẹ ò fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá ni?"

"Bàbá rẹ wà láàárín àwọn oníjọ rẹ̀, kò dá wà. Àghan ọma mi ló dá wà." Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ló ń wí. "Láyé, wọ́n ní kí n má wo ibẹ̀, mo gbà. Bí mo bá kú tán, ta ni yóò tún ní kí n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?"

Mo ṣèlérí fún un. Ìlérí náà kò le rárá nígbà tí mo ṣe é. Ta ló lè gba ibi ìsìnkú lọ́wọ́ olókùú?

Kò pẹ́ sí i, awakọ̀ kan tó mú ṣòkòtò wá fún àtúnṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi sọ pé òun rí katapílà kan tí wọ́n gbé sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Omifunfun. Ó ní sọ́míìlì, ibi ìlagi, ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, pé wọ́n máa tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ. Mo bi í pé ilẹ̀ ta ni. Ó dárúkọ ọmọ Bàbá Òkè. Mo ju ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, mo gun ọkọ̀ lọ.

Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ katapílà náà, ó wọ bàtà gogoro àti ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń gbálẹ̀. Èmi ni mo rán ṣòkòtò náà. Ọkùnrin kan tó ti Bìní wá, aṣojú ẹni tó fẹ́ kọ́ sọ́míìlì, dúró tì í.

"Sọ fún mi pé irọ́ ni," mo ní.

"Kí ló jẹ́ irọ́ níbẹ̀? Bàbá mi ló gbin gbogbo kòkó yìí. Ìyá mi ló sùn sábẹ́ táìsì yẹn, wọ́n sì máa rọ́gbà yí i ká, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Ìwọ, ta lo ní níbẹ̀?"

"Bàbá bàbá mi! Àwọn ẹ̀gbọ́n mi!"

"Fi wọ́n hàn mí," ó ní.

Mo wo inú kòkó. Ewé gbígbẹ ni mo rí, àti igi, àti èèpo kòkó tó ti jẹrà. Ọkùnrin Bìní náà ṣàánú mi lọ́nà tirẹ̀. "Màdáámù, no vex," ó ní, "bring your own grave make we see am." Ibojì tèmi ló ní kí n mú wá kí wọ́n rí i! Mo fi ìbínú kúrò níwájú wọn.

Mo gba Odigbo lọ bá àwọn olóyè. Èyí tó jẹ́ olórí wọn mọ bàbá mi dáadáa, ó fún mi ní àga, ó gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó wá ní òun ò lè fi ojú àánú dá ẹjọ́ ilẹ̀. Mo ní ìṣákọ́lẹ̀ ńkọ́? Ó ní ọmọ Bàbá Òkè ti wá sọ ọ́ ṣáájú mi pé ẹ̀bùn ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni, pé ẹni tó ń gbà á sì ti kú.

"Ilẹ̀ kò lẹ́nu," olóyè náà ní. "Òkú tó wà nínú rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. A máa wá síbẹ̀. Tí ẹ bá fi òkú yín hàn wá, ilẹ̀ yín ni, kò sí katapílà tó máa wọ̀ ọ́. Tí ẹ ò bá rí i fi hàn, òkú tí a rí lójú la máa gbà gbọ́."

Bí mo ṣe ń jáde, ẹnì kan tù mí nínú pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ní ẹ ṣeun, ẹ bá mi sọ ọ́ fún katapílà.

Ó ku ibì kan ṣoṣo tí mo lè lọ. Bàbá Òkè ti di arúgbó, Ago Alaye ló ń gbé, nínú ilé bíríkì tí ọmọ rẹ̀ kọ́ fún un. Wọ́n tilẹ̀ so fáànù mọ́ àjà ilé náà, bẹ́ẹ̀ iná mànàmáná kò tíì dé abúlé yẹn. Ó fún mi lómi. Mo kúnlẹ̀ láìmu ún.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sin wọ́n."

Ó wo ilẹ̀. "Ó ti pẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ ò lè gbàgbé ibẹ̀."

"N kò sọ pé mo gbàgbé."

Mo sún mọ́ ọn. Mo sọ fún un pé ìyá mi ń ṣàìsàn, mo sọ ohun tó ní kí n ṣe fún òun. Mo ní kí ó kàn wá tọ́ka sí ibẹ̀ fún àwọn olóyè, kò ní láti sọ̀rọ̀ kankan. Ó ń fi àtàǹpàkò ra orí ọ̀pá rẹ̀, kò wò mí.

"Ọmọ mi ló ń bọ́ mi," ó ní. "Òun ló ń ra oògùn tí mò ń lò. N kò ní ọmọ mìíràn. Ṣé kí n wá dìde níwájú ìlú onílùú, kí n pè é ní olè?"

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe tí èmi fúnra mi máa ń fi lé àwọn tó ń wá aṣọ àwìn lọ ni, òun náà ló wá dè mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo dìde. Mo ní, "Ó dáa, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí katapílà gba orí wọn kọjá, kí ẹ̀yin máa jẹun lọ." Mo sunkún láti Ago Alaye dé Ore lẹ́yìn alùpùpù, ẹni tó gbé mi rò pé òkú ni mo gbọ́. Òkú náà ni.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ìyá mi, ṣùgbọ́n ojú mi ti sọ fún un kí n tó jókòó. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ láìgbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí.

"Wọ́n ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ," ó ní. "Àghan ọma mi kú, mo gbà á. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún nù."

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn ju bó ti ń bà mí tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun kankan lọ́wọ́ mi. Mo rò ó síhìn-ín, mo rò ó sọ́hùn-ún, mo tilẹ̀ rò pé kí n lọ fi òkúta àti sìmẹ́ńtì ṣe ibojì kan sáàárín kòkó, kí n pè é ní ti bàbá bàbá mi. Mo wá rò ó pé bí mo bá ṣì í, bí mo bá sin ìyá mi sí orí òfìfo, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbòmíràn lábẹ́ gẹ̀dú ńkọ́? Mo fi í sílẹ̀. Ìyá mi ní òun máa bá wa lọ lọ́jọ́ tí àwọn olóyè bá fẹ́ wá. Mo ní ẹsẹ̀ yín ńkọ́. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò ní jẹ́jọ́.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn olóyè wá, ọkùnrin Bìní wá, ọmọ Bàbá Òkè sì mú bàbá rẹ̀ wá láti jẹ́rìí pé òun ló gbin kòkó. Wọ́n gbé arúgbó náà jókòó sórí igi wíwó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táìsì ìyàwó rẹ̀. Kò kí wa, kò sì wo ọ̀dọ̀ wa. Mo di ìyá mi mú lápá gba ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn olóyè tò tẹ̀ lé wa. Nígbà tí a yọ lẹ́yìn ahéré, ó kọ ẹ̀yìn sí igun náà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Bàbá Òkè sọ̀rọ̀ rẹ̀ kúkúrú. Ó na ọwọ́ sí táìsì, ó ní, "Ìyá mi rèé." Fọ́tò obìnrin náà ń wò wá lábẹ́ gíláàsì, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" olóyè bi mí.

Mo nawọ́ sí abẹ́ kòkó. Mo ní àárín ibẹ̀ yẹn ni. Ó ní ibo ní àárín ibẹ̀? Mo nawọ́ sí ibòmíràn. Ọmọ Bàbá Òkè rẹ́rìn-ín, n ò sì bá a wí, nítorí bí mo bá wà nípò rẹ̀, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Olóyè wá yíjú sí ìyá mi.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ bímọ. Níbo ni wọ́n sin wọ́n sí?"

Bó ti sọ ọ́ tán ló fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé a kì í bi òbí léèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"Mé è mọ̀," ìyá mi ní. "Àghan éè jẹ́ kí n mọ̀."

"Ẹ gbọ́ ọ," ọmọ Bàbá Òkè ní. "Màmá fúnra wọn ní àwọn ò mọ̀."

Ìyá mi tú gèlè rẹ̀, ó fi gba ìdí. Mo rò pé ó fẹ́ lọ sílé ni. Ó já apá rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó yí padà, ó sì kọrí sí igun náà. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n ò rí i kó kọjú síbẹ̀ rí. Ó wọ abẹ́ kòkó, ó kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ wíwú yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ gbá ewé. Ó ń gbá ewé, ó ń fọwọ́ tẹ ilẹ̀ níhìn-ín, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, bí ìyá ṣe ń tẹ ikùn ọmọ láti mọ ibi tó ń dùn ún. Ó ń rákò lọ. Mo pè é, "Ìyá mi, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!" N ò lè wọlé lọ fà á. Ojú ń tì mí, àánú ń ṣe mí, mo sì ń bínú sí gbogbo wọn, sí bàbá mi tó hú pèrègún, sí oníwàásù, sí owó epo. Àwọn olóyè yí ojú kúrò. Kò sí ẹni tó fẹ́ rí òbí tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ wá ibojì ọmọ.

Ó rákò dé ìdí igi kòkó kan tó tẹ̀, ó ń nawọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Ẹ dúró!"

Bàbá Òkè ti dìde lórí igi. Ọ̀pá rẹ̀ ti bọ́, kò mọ̀.

"Ẹ má dé ibẹ̀! Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, orí wọn lẹ fẹ́ tẹ̀ yẹn! Òbí kì í dé ibẹ̀!"

Ìyá mi dúró lórí eékún, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Èmi sáré wọlé, mo dì í mú lẹ́yìn, mo sì yí ojú rẹ̀ mọ́ àyà mi.

"Bàbá," olóyè ní jẹ́jẹ́, "orí àwọn wo?"

Arúgbó náà ṣí fìlà. Ọmọ rẹ̀ ní, "Bàbá!" Ó tún ní, "Bàbá, ẹ jókòó." Bàbá Òkè kò jókòó.

"Èmi ni mo sin wọ́n," ó ní. "Mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ ẹ. Bàbá bàbá wọn wà lápá òkè, níbi tí pèrègún wà tẹ́lẹ̀." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, omi sì ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ, ilẹ̀ àwọn ènìyàn yìí ni ìyá rẹ sùn sí. Wọ́n kò bi mí ní ohunkóhun kí wọ́n tó fún mi. Kí lo fẹ́ kí n wí fún un nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Ọmọ náà wo fọ́tò ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wá rìn lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Àwọn olóyè ní kí arúgbó náà wá fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Ó ní ká kọ́kọ́ mú ìyá àwọn ọmọ náà kúrò. Mo gbé ìyá mi dìde, mo mú un padà sẹ́yìn ahéré, a kọ ẹ̀yìn sí wọn. A ń gbọ́ àdá tó ń ṣán igbó. A ń gbọ́ ohùn Bàbá Òkè, tó ń sọ pé láti ibí dé ibí. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú débi pé ó ń dùn mí. Ó wá gbé ohùn sókè láìyíjú.

"Bàbá! Ṣé wọ́n sún mọ́ra?"

Àdá dákẹ́.

"Inú ilẹ̀ kan náà ni mo tẹ́ wọn sí, Ìyá," ó ní. "Obìnrin ti kéré jù láti dá sùn. Mo gbé e sí apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ahéré, ó sì sunkún tí wọn kò jẹ́ kó sun tó nínú yàrá ọjọ́sí. N ò gbìyànjú láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo bá a sun ún, èmi tí n kò mọ̀ wọ́n rí.

Katapílà lọ tẹ́ ilẹ̀ ibòmíràn. Àwọn olóyè ní kí a gbin pèrègún padà, mo sì gbìn ín, bí bàbá mi bá fẹ́ bínú kó bínú. Ọmọ Bàbá Òkè kò lé bàbá rẹ̀ kúrò nílé, oògùn náà kò sì wọ́n ọn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kó tó tún bá a sọ̀rọ̀. Bàbá Òkè àti fáànù tí kì í yí yẹn nìkan ló jọ ń wo ara wọn nínú ilé. Ìyá mi máa ń ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún un, mo sì ń gbé e lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lọ́jọ́ kìíní. Ó ní ọ̀rọ̀ wo?

Ní ti ìyá mi, mo rò pé á fẹ́ máa wo igun náà níwọ̀n ìgbà tí àṣírí ti tú. Rárá o. Ìgbà tí a tún jọ lọ sóko, ó yà sọ́wọ́ òsì bí ti àtẹ̀yìnwá, ó gba ìdí ọ̀pẹ, ó gba etí àkùrọ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ojú. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e débẹ̀.

Nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìyá mi kú. A gbé e dé oko, àwọn tó gbé pósí sì fẹ́ yà sí ọ̀nà ẹ̀yìn, nítorí òun ni ọ̀nà tí wọ́n mọ̀. Mo ní rárá. Mo ti ní kí wọ́n ṣán ọ̀nà tààrà láti àná, ibẹ̀ ni a sì gbà. Bàbá Òkè ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa, ó fi ẹnu ọ̀pá rẹ̀ fàlà sílẹ̀ níbi tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ bi mí pé báwo ni kí àwọn ṣe sún mọ́ àlà náà tó.

"Ẹ sún un mọ́ wọn dáadáa," mo ní. "Ó ti pẹ́ tó ti ń yí ká."